Ta Ni Ó Ni Iná Tí Ó Ré Ògiri Kọjá?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-hùrù rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. A ti gbọ́ òwe yìí láìmọye ìgbà, ní ìpàdé ẹbí àti ní ìpàdé ẹgbẹ́. Ohun kan ni a ṣàkíyèsí: gbogbo ẹni tí ń pa á ni ó ń ka ara rẹ̀ sí ẹni tí wọn kò jẹ́ kí ó sùn. A kò tíì rí ẹni tí ó pa á tí ó sì fi ara rẹ̀ sí ipò ẹni tí ń jẹ kòkòrò. Nínú ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, àwa tí a ń kọ ọ́ gan-an ni a jẹ kòkòrò náà.

Ilé wa wà ní apá òkè ọ̀nà A13, ìrìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Dagenham Dock. Ọ̀kan ni nínú àwọn ilé Becontree tí ìjọba London bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1921, tí wọ́n tò ti ara wọn bí eyín ẹnu. Ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà náà, ní etí odò Thames, ni ilé iṣẹ́ Ford wà, tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti ibẹ̀ jáde ní 1931. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Cortina láti 1962 títí di 1982, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2002 wọn kò to odindi ọkọ̀ níbẹ̀ mọ́.

Bàbá wa ní Cortina kan ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí a wà ní kékeré. Òun ni wọ́n fi ń gbé wa lọ sí ilé-ìwé, òun náà ni a fi ń lọ kí àwọn ẹbí ìyá wa ní ọjọ́ ọdún. Nígbà tí a gba oyè nínú ìmọ̀ ìṣirò owó níhìn-ín, tí a rí iṣẹ́, tí a sì ra ilé, a kò mọ̀ pé ìdí ibi tí wọ́n ti bí ọkọ̀ bàbá wa ni a wá ra ilé sí. Nígbà tí a mọ̀, ara wa kò gbà á mọ́. Ní 2021 a ra Cortina 1978 kan ní £2,300. Ó ti dógùn-ún láti abẹ́ dé òkè. Èrò wa ni pé kí a máa tún un ṣe ní ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn wúlò fún ohun tí ó ju fóònù títẹ̀ lọ.

Láàárín ògiri ilé wa àti ti bàbá àgbàlagbà òyìnbó tí ó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àyè kan wà tí ọkọ̀ lè wọ̀. Àwọn tí ó ni ilé náà kí ó tó di tiwa ti fi pákó kan àtíbàbà síbẹ̀, òrùlé rẹ̀ sì jẹ́ pákó tí a fi ìwé olọ́dà dúdú bò. Ibẹ̀ ni a sọ di ìsọ̀ mẹkáníìkì. Láti ìsọ̀ yìí sí ògiri bàbá náà kò ju ìgbésẹ̀ méjì lọ. Àwọn ọmọ wa ń pè é ní Bàbá Ògiri, nítorí pé láti orí ògiri kúkúrú iwájú ilé ni ó ti máa ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Èrèlé, 2022, a yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó irin pọ̀, a sì jó abẹ́ ọkọ̀ náà níbi tí ó ti lu. Ó dùn mọ́ wa púpọ̀. Nígbà tí a parí, a ti ilẹ̀kùn, a wọlé lọ jẹ àmàlà. Ó tó nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú kí ọmọ wa obìnrin àgbà tó sọ pé òun ń gbọ́ òórùn kan. Iná tí ń ta jáde lára irin ti bọ́ sínú àkísà olóró epo tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó sì ti rọra ń jẹun lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Korobá omi mẹ́fà ni a fi pa á. Pákó tí ó kọjú sí ilé Bàbá Ògiri ti dúdú, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. A kò pe panápaná. A gbá ilẹ̀, a sì sùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí a ti ń jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá náà bi wá bóyá nǹkan jó ní alẹ́ àná. A dá a lóhùn pé pàǹtírí ni a sun.

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ wa nígbà tí a pa irọ́ yìí. Ní ilé, ẹni tí ó bá fi irin búra mọ ohun tí ó ń ṣe. Títí di òní, ẹni tí kò bá fẹ́ fi Bíbélì tàbí Kùránì búra ní kóòtù ní Nàìjíríà lè béèrè pé kí wọ́n fún òun ní irin. Kristẹni ni wá, a kì í bọ Ògún, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ náà wúwo lọ́wọ́ wa dé inú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ìṣirò owó, ìwé ni ó máa ń sá lọ bá bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀. A kọ́kọ́ ka ìwé adójútòfò ilé wa, lẹ́yìn náà a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí òfin ilẹ̀ yìí sọ nípa iná. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́. Ní 1401, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Beaulieu àti Finglam, àwọn adájọ́ ní kí olúkúlùkù máa dáhùn fún iná tí ó bá ti ilé rẹ̀ jáde, ìbáà jẹ́ òun ni ó fa á, ìbáà jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ tàbí àlejò tí ó gbà sílé. Ní 1774 ni àwọn aṣòfin yí i padà: bí iná bá ṣèèṣì bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹnì kan, aládùúgbò kò lè pè é lẹ́jọ́. Abala òfin yìí ṣì ń ṣiṣẹ́. Àánú wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ilé tirẹ̀ ti jó, ṣé kí a tún di gbèsè ilé ẹlòmíràn lé e lórí? Ṣùgbọ́n ní 1847 àwọn adájọ́ là á yé gbogbo ayé pé iná tí àìbìkítà fà kì í ṣe èèṣì.

Èyí tí ó bá wa lára mu jù lọ ni ẹjọ́ Musgrove àti Pandelis ní 1919. Ọkọ̀ wà nínú gáréèjì ní ìsàlẹ̀, ènìyàn ń gbé ní òkè. Awakọ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọṣẹ́ ṣí ẹ́ńjìnnì, epo inú kábúrétọ̀ sì gbiná. Bí ó bá ti ojú ọ̀nà tí epo ń gbà láti inú táǹkì ni, iná náà ì bá jó ìwọ̀nba epo tí ó rí, kí ó sì kú. Dípò èyí, àkísà ni ó ń wá kiri. Iná jẹ ọkọ̀, ó jẹ gáréèjì, ó sì gun òkè lọ jẹ ẹrù ẹni ẹlẹ́ni. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni yóò san án.

Ẹ wá wo òmíràn. Ní 2008, iná mànàmáná dá iná sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ oníṣòwò táyà kan ní Hereford. Nǹkan bí 3,000 táyà ni ó wà níbẹ̀, iná náà sì mú ilé aládùúgbò. Ní 2012 kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a láre. Wọ́n ní táyà kì í ṣe ohun tí ewu rẹ̀ kọjá àlà, àti pé kì í ṣe táyà ni ó sá kúrò nínú ọgbà, iná ni. A ka ìdájọ́ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kí ẹ lọ sọ fún ẹni tí dúkìá rẹ̀ jó pé kí ó fọkàn balẹ̀, kì í ṣe táyà ni ó wọlé tọ̀ ọ́ wá!

Nígbà tí a kà á tán, a rí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni òfin ń béèrè: ta ni yóò sanwó? Lẹ́yìn tí eérú ti tutù ni ó sì máa ń béèrè. Ohun tí ó ń jẹ wá lọ́kàn kò sí níbẹ̀. A fẹ́ mọ̀ bóyá a ní ẹ̀tọ́ láti gbé ewu kan kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ méjì sí ibùsùn ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀, kódà bí iná kankan kò bá ṣẹ́.

Ní 19 oṣù Agẹmọ, 2022, ooru ilẹ̀ yìí kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ní abúlé Wennington tí kò jìnnà sí wa, iná jó àwọn ilé lórí ìlà bí ẹni ń ka ìwé. A rí èéfín rẹ̀. A ti rí irú rẹ̀ ní Barking Riverside ní oṣù Òkúdù, 2019, nígbà tí iná gun pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ilé kan sí òmíràn, tí ogún ilé sì ṣòfò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò kú. Ní alẹ́ ọjọ́ Wennington ni a pinnu pé àtíbàbà pákó yẹn yóò wó.

Nígbà tí a ṣírò owó ìsọ̀ tuntun, ó jẹ́ £6,400. Ìyàwó wa wo ìwé náà, wọ́n sì bi wá pé, "Dádì, ṣé ẹ fẹ́ fi £6,400 ṣọ́ ọkọ̀ £2,300 ni?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, òun ni àwa náà ì bá bi oníbàárà wa. Kò sí ẹni tí ń ra àpótí irin tí owó rẹ̀ ju ohun tí ó fẹ́ tì mọ́ inú rẹ̀ lọ. Alẹ́ méjì ni a fi ronú kí a tó rí ibi tí ìṣirò náà ti yẹ̀. Ògiri ìsọ̀ kì í ṣe àpótí. Ohun tí ó ń ṣọ́ kò sí nínú rẹ̀. Ìta ni ó wà, kì í sì í ṣe tiwa. Iye tí ọkọ̀ wa jẹ́ kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ilé Bàbá Ògiri ni ó yẹ kí a kọ sí apá kejì ìwé náà, òun pẹ̀lú ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó fún wa ní àṣẹ láti dá iye lé ara ẹlòmíràn.

A kọ́ ọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2023. Ó gùn ní mítà 5.5, ó fẹ̀ ní mítà 3.2, ó sì wà ní ẹnu ààlà. Òfin ìkọ́lé ilẹ̀ yìí ní bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá ju 15 mítà níbùú-lóòró lọ tí kò sì jìnnà tó mítà kan sí ààlà, ohun tí kì í gbiná ni kí a fi kọ́ ọ, bí a kò bá fẹ́ kí ó di ohun tí wọn yóò máa wá yẹ̀ wò. Búlọ́ọ̀kù ni a fi ṣe ògiri, irin ni a fi ṣe igi àjà, páànù onírin ni a fi bò ó. A kan pátákó ẹlẹ́fun tí wọ́n ṣe láti dènà iná mọ́ abẹ́ òrùlé ní ìlọ́po méjì. Kò sí fèrèsé ní apá ọ̀dọ̀ bàbá.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa tí wọ́n mọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Nàìjíríà ní kí a gbẹ́ kòtò sílẹ̀ kí a lè máa dúró sí abẹ́ ọkọ̀. A kò gbà. Gáàsì tí ń jáde lára epo bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ; ilẹ̀ ni ó ń rìn, inú kòtò ni ó sì ń sùn, títí iná kékeré kan yóò fi bá a níbẹ̀. A kò gba sílíńdà gáàsì ásẹ́tílìn náà. Bí iná bá kan sílíńdà náà, panápaná lè kó gbogbo ènìyàn tí ó wà láàárín 200 mítà jáde kúrò nílé. Mélòó ni ilé Becontree láàárín 200 mítà? Ẹ̀rọ oníná mànàmáná tó wa. A ra agolo irin onídérí fún àkísà, nítorí pé àkísà tí ó fa òróró lín-ín-sììdì mu lè gbóná fúnra rẹ̀ kí ó sì gbiná láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣáná sí i. A gbé aago tí ń ké nítorí ooru sókè, kì í ṣe èyí tí ń ké nítorí èéfín, a sì so ó mọ́ èyí tí ó wà nínú ilé. Ohun tí ó nira jù kò ná wa ní kọ́bọ̀: àga kan ní ẹnu ọ̀nà, tí a gbọ́dọ̀ jókòó lé fún wákàtí kan lẹ́yìn tí a bá jó irin tán. Àmàlà lè dúró.

Nígbà tí a wà ní kékeré, àgbẹ̀dẹ àdúgbò wa kò ní ògiri mẹ́rin. Òpó àti òrùlé ni, gbangba ni ó wà. A rò pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń wá. Nísinsìnyí a gbà pé gbogbo ẹni tí ń kọjá máa ń rí i bóyá iná wà níbẹ̀ tàbí kò sí, ìyẹn sì jẹ́ ìdáàbòbò tí ìsọ̀ olóògiri búlọ́ọ̀kù kò ní.

Bíríkìlà wa, ọmọ Ìkòròdú, ni ó la ojú wa. Ó wà lórí àkàbà ní ọjọ́ kẹta iṣẹ́, ó sì wo ilé kejì. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ta ni ó ń sùn nínú yàrá yẹn? Bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni mo rí o." A kò mọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni a ti ń kí bàbá yìí, a kò mọ̀ pé ìgbáròkó rẹ̀ kò jẹ́ kí ó gun àtẹ̀gùn mọ́, pé yàrá ìsàlẹ̀ tí ó kọjú sí ìsọ̀ wa ni ó ń sùn. Nígbà náà ni ohun tí ẹni tí ó ta pátákó ẹlẹ́fun sọ fún wa tó yé wa. Ó ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni pátákó kan lè gbà lọ́wọ́ iná. Gbogbo ohun tí à ń pè ní ìdènà iná, àkókò ni wọ́n ń tà fún wa. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pọ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó lè sáré. Fún ẹni tí ó ní láti wá ọ̀pá rẹ̀, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ògiri, kí ni ó jẹ́? A ti ra àkókò fún un, a kò fún un ní ìròyìn. Àkókò tí ẹni tí ó ni ín kò mọ̀ pé òun ní kò yàtọ̀ sí owó tí a fi sí báńkì ní orúkọ ẹni tí a kò sọ fún.

A mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ń sọ nínú ọkàn yín. Ẹ ń sọ pé kí a má jẹ́ kí òyìnbó mọ ohun tí ó wà nínú ilé wa. Yóò kọ̀wé sí káńsù, owó adójútòfò yóò gòkè. A kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó wá láti ibòmíràn mọ ìdí tí ó fi ń pa ẹnu mọ́, àwa náà sì ti jìyà lọ́wọ́ lẹ́tà aládùúgbò rí. Ẹlòmíràn yóò bi wá pé, ṣé a ó máa sọ fún aládùúgbò nígbàkígbà tí a bá gbé epo kaná láti dín dòdò? Rárá. Òun náà ní ilé ìdáná. Ewu ilé ìdáná rẹ̀ ń bọ̀ wá bá wa bí tiwa ti ń lọ bá a, a jọ jẹ ara wa, a jọ san án. Ìsọ̀ ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa nìkan ni a ní in, àwa nìkan ni ó ń dùn mọ́, ṣùgbọ́n a pín ewu rẹ̀ láìpín adùn rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbèsè ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹni tí kò ní Cortina má sì rò pé òun yọ. Ẹ wo inú gáréèjì àwa ọmọ káàárọ̀-oò-jíire ní ìlú yìí: jẹnẹrétọ̀ tí ń dúró de kọ̀ǹténà, tí epo ṣì wà nínú rẹ̀, táyà tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ilé, kẹ́ẹ̀gì epo tí a kó pamọ́, nítorí pé ẹni tí ó tò fún epo ní Nàìjíríà ní ọdún 1990 sókè kò lè gbàgbé láé. Òfin 2014 fàyè gba lítà 30 epo bẹntiróòlù ní ilé láìkọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, kí kẹ́ẹ̀gì oníke má sì ju lítà 10 lọ. Ẹ lọ ka tiyín.

A lọ bá Bàbá Ògiri ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Òkúdù, 2023. A sọ ti ìsọ̀, a sọ ti búlọ́ọ̀kù, a sọ ti aago. Lẹ́yìn náà ni a tó sọ ti àkísà àti ti pàǹtírí tí a kò sun. Bàbá náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun ṣiṣẹ́ ní Ford fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, òun sì mọ òórùn irin tí a jó yàtọ̀ sí ti pàǹtírí. Ó ní òru ọjọ́ náà òun kò sùn. Aṣọ òun ni òun wọ̀ jókòó lórí ibùsùn títí ilẹ̀ fi mọ́, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́.

Hẹ̀rẹ̀-hùrù náà kò jẹ́ kí ó sùn ní ti tòótọ́, kò sì sọ fún wa ní ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. A bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní òun ti béèrè lẹ́ẹ̀kan, a sì ti dáhùn.

Ohun kan ṣoṣo ni ó ní kí a ṣe fún òun. Kò béèrè pé kí a má jó irin mọ́. Ó ní kí a máa kan fèrèsé òun lẹ́ẹ̀mejì kí a tó tan ẹ̀rọ náà, kí a sì tún kàn án nígbà tí a bá dìde kúrò lórí àga. Láti ìgbà náà ni a ti ń ṣe é. Ọmọ wa ọkùnrin ni ó máa ń kàn án, bàbá náà a sì gbé ọwọ́ sókè láti inú lọ́hùn-ún.

Ní Sátidé tí ó kọjá, ó kan fèrèsé, kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ó tún kàn án. Irin ti wà lórí àga iṣẹ́, a ti wọ ìbọ̀wọ́, ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù kí a jó. A pa ẹ̀rọ náà, a sì fi gbogbo ọ̀sán nu nọ́ọ̀tì. Ní nǹkan bí agogo márùn-ún ni ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé e padà láti Southend, tí wọ́n lọ jẹ ẹja. Ó rí wa nínú ìsọ̀ tí a jókòó, ó bi wá bóyá a ti parí ilẹ̀kùn. A ní ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.